Ẹ Jẹ́ Kí Àgbà Dìde: Àgbéyẹ̀wò Eré Ìdárayá Lọ́jọ́ Ogbó

Nílé tí ọmọ bá ti rọ́wọ́ mú, ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n máa ń gbà lọ́wọ́ ìyá wọn ni ìgbálẹ̀. Lẹ́yìn ìgbálẹ̀ ni ọmọ odó, lẹ́yìn ọmọ odó ni apẹ̀rẹ̀ ọjà. Wọ́n á wá ọmọ ọ̀dọ̀ tí yóò máa pọnmi, wọ́n á ra àga onítìmùtìmù tí èèyàn ń rì sí dé ìbàdí, wọ́n á gbé e síwájú tẹlifíṣọ̀n. "Màmá, ẹ jókòó jàre. Iṣẹ́ yín ti tó." Bàbá náà kò gbẹ́yìn: ọjọ́ tí ó bá ti pé ẹni 60 ọdún tí wọ́n fún un ní ìwé ìfẹ̀yìntì, ẹnikẹ́ni kò tún gbọdọ̀ rí àdá lọ́wọ́ rẹ̀. Ìfẹ́ ni gbogbo rẹ̀, ẹ̀kọ́ ilé sì ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀rí tí ó ti jọ káàkiri ayé láti bí 70 ọdún sẹ́yìn fi hàn pé ìtọ́jú yìí gan-an wà lára ohun tí ń tètè sọ àgbà di ẹni tí kò lè dá dìde mọ́. Ìyẹn ni mo fẹ́ yẹ̀ wò: kí ni ara àgbà ń fẹ́, irú eré ìdárayá wo ló bá a mu, èwo ló dùn tó tí èèyàn kò fi ní í pa á tì lẹ́yìn oṣù kan, èwo ló sì ṣeé ṣe nínú oòrùn wa yìí, lójú títì tí kò ní ibi tí ẹlẹ́sẹ̀ ń gbà.

Orí ìsinmi ni ká ti bẹ̀rẹ̀, nítorí òun la fẹ́ràn jù. Ní 1966, àwọn olùwádìí kan ní ìlú Dallas, ní Amẹ́ríkà, mú ọ̀dọ́kùnrin márùn-ún tí wọ́n jẹ́ ẹni 20 ọdún, wọ́n ní kí wọ́n dùbúlẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì fún odidi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Wọ́n wọn bí ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró wọn ṣe ń ṣiṣẹ́ tó kí wọ́n tó dùbúlẹ̀, wọ́n tún wọ̀n ọ́n lẹ́yìn tí wọ́n dìde. Ọgbọ̀n ọdún kọjá. Ní 1996, wọ́n tún wá àwọn márààrún rí. Wọ́n ti di bàbá ẹni 50 ọdún, ara ti wúwo. Wọ́n tún wọ̀n wọ́n. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí wọ́n fi dùbúlẹ̀ nígbà èwe ba agbára wọn jẹ́ ju ohun tí ọgbọ̀n ọdún bà jẹ́ lọ! Lẹ́yìn náà ni wọ́n fi wọ́n sẹ́nu ìrìn, ìsáré pẹ̀lẹ́ àti gígun kẹ̀kẹ́ fún oṣù mẹ́fà, díẹ̀díẹ̀, láì fipá ṣe é, agbára tí ọgbọ̀n ọdún sì ti kó lọ padà wá. Èèyàn márùn-ún kò pọ̀, òótọ́ ni, ọkùnrin sì ni gbogbo wọn. Síbẹ̀, ẹ ronú sí àgbà tí ibà dá gúnlẹ̀ sílé ìwòsàn fún ọ̀sẹ̀ méjì, tí wọ́n wá gbé e délé, tí gbogbo ẹbí tún ń ní kí ó "sinmi dáadáa" fún oṣù mẹ́ta mìíràn.

Ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró nìkan kọ́. Iṣan ara ń dín kù láti nǹkan bí ẹni 30 ọdún lọ, ó sì ń yára sí i bí èèyàn bá ti kọjá 60. Iṣan itan ló ń gbé wa dìde lórí àga, òun ló ń gbé wa gun bọ́ọ̀sì, òun ló ń dì wá mú bí ẹsẹ̀ bá kọ òkúta. Bí iṣan itan bá ti lọ, àtilọ sílé ìgbọ̀nsẹ̀ lóru gan-an di ìrìnàjò.

Títí di 1990, bí ẹnikẹ́ni bá ní kí arúgbó ẹni 90 ọdún máa gbé irin, wọn á ní orí rẹ̀ ti yí. Ọdún yẹn ni Maria Fiatarone àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé iṣẹ́ wọn jáde nínú JAMA, ìwé ìròyìn àwọn dókítà Amẹ́ríkà. Wọ́n lọ bá arúgbó mẹ́wàá nílé ìtọ́jú kan ní Boston, tí ọjọ́ orí wọn tó 90 ní ìpíndọ́gba, tí ara wọn kò sì le. Fún ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, wọ́n ń fi ẹsẹ̀ gbé ohun tí ó wúwo gidi, wọ́n sì ń fi kún un bí agbára ṣe ń dé. Mẹ́sàn-án nínú wọn ló parí rẹ̀. Agbára ẹsẹ̀ wọn fi ìdá 174 nínú ọgọ́rùn-ún lé sí i, ìyẹn ni pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po mẹ́ta. Àwọn méjì pa ọ̀pá ìtìlẹ̀ wọn tì. Ní 1994, wọ́n gbé e dé ọ̀dọ̀ ọgọ́rùn-ún arúgbó, ìtàn kan náà ni. Èyí tí mo fẹ́ràn jù nínú ti ẹlẹ́ẹ̀kejì yìí ni pé wọ́n fún àwọn kan ní oúnjẹ aṣaralóore láì jẹ́ kí wọ́n gbé nǹkan kan; àwọn yẹn kò rí èrè kankan lára iṣan wọn. Inú àwọn tí ń ta oògùn agbára nínú bọ́ọ̀sì kò ní í dùn sí gbólóhùn yìí. Oúnjẹ ṣe pàtàkì o: ẹ̀wà, ẹyin, ẹja, mọ́ínmọ́ín. Ṣùgbọ́n iṣan tí a kò lò kò mọ ohun tí yóò fi wọ́n ṣe.

Irin kò sì pọn dandan. Ìwúwo ara ẹni ti tó láti fi bẹ̀rẹ̀. Kí a wá àga onígi tí kò ní tìmùtìmù, kí a gbé ẹ̀yìn rẹ̀ ti ògiri kí ó má bàa yọ̀. A ó jókòó sí etí rẹ̀, a ó fa ẹsẹ̀ méjèèjì sẹ́yìn díẹ̀, a ó tẹ àyà síwájú, a ó dìde láì fọwọ́ ti nǹkan kan, a ó tún jókòó padà bí ẹni tí ẹyin wà lábẹ́ rẹ̀. Jíjókòó pẹ̀lẹ́ yẹn ló ṣòro, òun náà ló sì lérè jù. Fún apá, omi inú ọ̀rá tí gbogbo wa ń pè ní píọ̀ wọ́tà tó ìdajì kìló. Ọ̀kan ní ọwọ́ kọ̀ọ̀kan ti tó fún ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Túùbù kẹ̀kẹ́ tí ó ti jó, èyí tí fọ́kánáísà máa ń jù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ṣeé so mọ́ irin fèrèsé kí a máa fà á sọ́dọ̀ ara. Kí a ṣáà má ṣe sé èémí nígbà tí a bá ń fà á tàbí tí a ń gbé nǹkan, nítorí ẹ̀jẹ̀ á ru sókè lójijì.

Bí èèyàn bá fẹ́ mọ ibi tí òun dúró, ìdánwò kan wà tí àwọn onímọ̀ eré ìdárayá ní Amẹ́ríkà gbé kalẹ̀ ní òpin àwọn ọdún 1990, tí àwọn físíò ń lò káàkiri ayé báyìí: ẹ̀ẹ̀mélòó ni èèyàn lè dìde lórí àga kí ó tún jókòó láàrin ìdajì ìṣẹ́jú? Obìnrin tí ó wà láàrin 60 sí 64 ọdún tí kò bá lè ṣe tó 12, tàbí ọkùnrin ọjọ́ orí kan náà tí kò bá tó 14, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ń rọ nìyẹn. Láàrin 70 sí 74, ìwọ̀n náà jẹ́ 10 fún obìnrin, 12 fún ọkùnrin. Láàrin 80 sí 84, ó jẹ́ 9 àti 10. Mo wà níbi ìpàdé àwọn òṣìṣẹ́fẹ̀yìntì kan nígbà tí ọmọdébìnrin físíò kan ṣe é fún wọn. Ọ̀gá ilé ìwé àtijọ́ kan ló kọ́kọ́ jáde, ẹni tí ó kọ́ ìdajì àwọn tí ó wà nínú gbọ̀ngàn náà.

"Bàbá, ẹ pa ọwọ́ yín pọ̀ sáyà, ẹ má fi ti àga o."

"Ìwọ ọmọ yìí, ta ló sọ fún ọ pé mo fẹ́ fi tì í?"

"Ẹ má bínú, sà. Ó yá."

Nígbà tí yóò fi di ẹ̀ẹ̀kẹjọ, ọwọ́ ti ń yọ́ lọ sórí apá àga, àwọn ọmọ ilé ìwé rẹ̀ àtijọ́ sì bú sẹ́rìn-ín: "Ọ̀gá, ọwọ́ o!" Ìyàwó ọ̀kan nínú wọn, ìyá aláàkàrà tí ó kàn sin ọkọ rẹ̀ wá síbẹ̀, ṣe 15, ó sì ń bèèrè bóyá àsìkò ti tó. Orí àpótí kúkúrú ni ìyá yẹn ti ń dìde lójoojúmọ́ ayé rẹ̀, láti lọ bu iyọ̀, láti lọ fẹ́ iná, láti lọ dá ọmọ tí ń jí owó lóhùn.

Ohun tí iṣẹ́ ìyá yìí ṣe fún un ni olùwádìí kan tí ń jẹ́ Jerry Morris rí ní London. Àwọn awakọ̀ bọ́ọ̀sì alájà méjì àti àwọn kọndọ́kítọ̀ wọn ni ó fi wéra. Awakọ̀ ń jókòó láti àárọ̀ dalẹ́. Kọndọ́kítọ̀ ń gun àtẹ̀gùn sókè sódò láti gba owó ọkọ̀. Ní 1953, ó kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn Lancet pé àìsàn ọkàn ń kọlu awakọ̀ ju kọndọ́kítọ̀ lọ. Ìwádìí òde òní lórí eré ìdárayá ti ibẹ̀ gbilẹ̀. Morris kò fi ibẹ̀ sílẹ̀ láì tú u wò: lẹ́yìn ọdún díẹ̀, òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ wo ìwọ̀n ìbàdí ṣòkòtò iṣẹ́ tí wọ́n ń rán fún àwọn èèyàn náà, wọ́n sì rí i pé ti awakọ̀ tóbi ju ti kọndọ́kítọ̀ lọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó túmọ̀ sí pé ẹni tí ó sanra lè ti yan iṣẹ́ ìjókòó fúnra rẹ̀. Irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ ṣì ń tẹ̀ lé ìwádìí eré ìdárayá títí dòní, ó sì yẹ kí òǹkàwé máa fi sọ́kàn nígbàkúùgbà tí ìwé ìròyìn bá pariwo pé nǹkan kan "ń fa ẹ̀mí gígùn". Morris fúnra rẹ̀ kú ní 2009, ní ẹni 99 ọdún.

Mi ò wí pé kí a dá àgbà padà sóko o. Iṣẹ́ àṣekára yàtọ̀ sí eré ìdárayá. Ìyá tí ó ti fi ọrùn ru igi ìdáná fún ogójì ọdún mọ ohun tí ẹrù fi ojú ẹ̀yìn rẹ̀ rí, kò sì sí àǹfààní nínú iṣẹ́ tí ẹni tí ń ṣe é kò lè dá dúró nígbà tí ó bá rẹ̀ ẹ́. Ohun tí mò ń sọ ni ìgbálẹ̀ yẹn, ẹ̀fọ́ tí wọ́n fẹ́ fọwọ́ ara wọn já, ọgbà kékeré ẹ̀yìnkùlé. Kí ni a rí gbà níbẹ̀ tí a fi ń gbà á lọ́wọ́ wọn?

Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, gbé ìlànà tuntun jáde ní 2020. Fún ẹni tí ó ti pé 65 ọdún, wọ́n ní kí ó máa ṣe eré ìdárayá tí ń mú èémí yára díẹ̀ fún ìṣẹ́jú 150 sí 300 lọ́sẹ̀, kí ó máa fún iṣan níṣẹ́ ní ọjọ́ méjì ó kéré tán, kí ó sì fi èyí tí ń kọ́ ara láti dúró déédéé kún un ní ọjọ́ mẹ́ta. Bí èèyàn bá lè sọ̀rọ̀ nínú eré náà ṣùgbọ́n tí kò lè kọrin, ó ti dé ìwọ̀n. Tẹ́lẹ̀, wọ́n máa ń ní bí kò bá tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá lẹ́ẹ̀kan náà, kò kà. Wọ́n ti mú ìyẹn kúrò; lílọ sí ṣọ́ọ̀bù orígun àdúgbò àti bíbọ̀ ti wà nínú ìṣirò báyìí.

Ìrìn ló rọrùn jù, gbogbo ènìyàn ló mọ̀, nítorí náà mi ò ní í pẹ́ níbẹ̀. Iye 10,000 ìṣísẹ̀ tí fóònù fi ń yọ àwọn èèyàn lẹ́nu kò ti ọwọ́ dókítà wá: orúkọ ẹ̀rọ ìkàṣísẹ̀ kan tí wọ́n tà ní Japan ní 1965 ni. Nígbà tí I-Min Lee ti Yunifásítì Harvard àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ìwádìí lórí 16,741 obìnrin tí ọjọ́ orí wọn tó 72 ní ìpíndọ́gba, èyí tí wọ́n gbé jáde ní 2019, àwọn tí ń rìn tó bí 4,400 ìṣísẹ̀ lóòjọ́ ti ń pẹ́ láyé ju àwọn tí ń rìn 2,700 lọ, àǹfààní náà sì dúró sójú kan ní nǹkan bí 7,500. Ìṣòro tiwa kọ́ ni iye. Ìṣòro tiwa ni gọ́tà tí kò ní ìdérí, ọ̀kadà tí ń gba ẹ̀bá ọ̀nà, ajá àdúgbò, àti oòrùn tí ń mú ganrínganrín kí ó tó di aago mẹ́wàá. Àwọn tí mo mọ̀ tí wọ́n ń rìn láì dáwọ́ dúró ti wá pápá ilé ìwé, ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì tàbí ti mọ́ṣáláṣí, kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, wọ́n sì ń rìn ní méjìméjì kí wọ́n lè máa ṣe àtúpalẹ̀ ọ̀rọ̀ ìlú. Ní tèmi o, àtúpalẹ̀ yẹn ló ń mú wọn padà wá lọ́jọ́ kejì ju ìlera lọ.

Ṣùgbọ́n ìrìn kò tó. Èyí ni ibi tí ọ̀pọ̀ ń kù sí. Ohun tí ń gbé àgbà lulẹ̀ jù lọ ni ìṣubú, egungun ìbàdí tí ó ṣẹ́ sì lè jẹ́ òpin òmìnira ènìyàn. Ní 2019, àjọ Cochrane, tí ń kó ìwádìí ìlera jọ yẹ̀ wò, gbé àkójọ 108 ìwádìí jáde, nínú èyí tí àwọn àgbà 23,407 ti kópa. Eré ìdárayá dín iye ìṣubú kù ní ìdá 23 nínú ọgọ́rùn-ún. Èyí tí ń kọ́ ara láti dúró déédéé, pàápàá tí wọ́n bá pa á pọ̀ mọ́ ti agbára iṣan, ló gbayì jù níbẹ̀. Ìrìn nìkan kò ní ẹ̀rí tí ó dájú lẹ́yìn. Ètò kan tí Yunifásítì Otago ní New Zealand gbé kalẹ̀ ní àwọn ọdún 1990 tẹ́ mi lọ́rùn nítorí kò ná ènìyàn ní nǹkan kan: àwọn obìnrin ẹni 80 ọdún lọ sókè ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, inú ilé wọn ni físíò ń wá bá wọn. Kí wọ́n dúró lórí ẹsẹ̀ kan. Kí wọ́n fi gìgísẹ̀ kan kan ìka ẹsẹ̀ kejì kí wọ́n máa rìn lórí ìlà kan ṣoṣo. Kí wọ́n rìn sẹ́yìn. Kí wọ́n so ohun wúwo mọ́ kókósẹ̀ kí wọ́n máa gbé e. Nílé wa, etí síǹkì ìdáná ni ibi tí ó dára jù fún un, ọwọ́ kan lórí síǹkì, ẹnì kan nítòsí ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́.

Ní Brazil, dókítà kan tí ń jẹ́ Claudio Gil Araújo ní Rio de Janeiro ti fi ọ̀pọ̀ ọdún wo irú nǹkan báyìí. Ní 2022, òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀ jábọ̀ nípa 1,702 ènìyàn láàrin 51 sí 75 ọdún: ọ̀kan nínú márùn-ún kò lè dúró lórí ẹsẹ̀ kan fún ìṣẹ́jú àáyá 10, ewu ikú tiwọn sì fi ìdá 84 nínú ọgọ́rùn-ún ju ti àwọn yòókù lọ láàrin nǹkan bí ọdún méje. Iṣẹ́ rẹ̀ ti 2012 ló kan ilé wa jù. Ó ní kí àwọn èèyàn jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ kí wọ́n sì dìde, kí wọ́n sì dín fífi ọwọ́ tàbí orúnkún ti nǹkan kù bí wọ́n bá ṣe lè ṣe é tó. Máàkì márùn-ún fún ìjókòó, márùn-ún fún ìdìde. Ọwọ́ kan tí ó bá kan ilẹ̀, máàkì kan lọ. Bí ara bá gbọ̀n, ìdajì máàkì lọ. Àwọn tí máàkì wọn kéré jù kú ju àwọn tí tiwọn ga lọ dáadáa. Kì í ṣe pé ilẹ̀ ń pa èèyàn. Ẹni tí ara rẹ̀ ti ń kú lábẹ́lẹ̀ ni kò lè kúrò nílẹ̀.

Ilẹ̀ sì ni gbogbo ayé àwọn òbí wa wà. Orí ẹní ni wọ́n ń sùn, orí ẹní ni wọ́n ti ń jẹun, wọ́n ń bẹ̀rẹ̀ gbálẹ̀, wọ́n ń lóṣòó fọṣọ, wọ́n ń lóṣòó ní ṣáláńgá. Ẹni tí ó dọ̀bálẹ̀ kí ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ ní àárọ̀ ti ṣe ìdánwò Araújo kí ó tó fọ eyín. Mùsùlùmí tí ó kírun wákàtí márààrún pé ń ṣe rákà 17 lóòjọ́, ìforíkanlẹ̀ méjì nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan: 34 ìgbà ni iwájú orí rẹ̀ ń kan ilẹ̀ tí ó sì ń dìde. Ẹ̀sìn fàyè gba aláìsàn láti kírun lórí àga, mi ò sì bá ẹni tí orúnkún rẹ̀ ń dun ún jà. Ṣùgbọ́n bí àga ṣe ń pọ̀ sí i ní sàfù àkọ́kọ́ ń kọ mí lóminú, torí mo mọ̀ pé kì í ṣe gbogbo wọn ni ara kò gbà fún. Ẹni tí ó bá ti fi ilẹ̀ sílẹ̀ fún ìgbà pípẹ́ lè kọ́ ọ padà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì: kí ó yí sí ẹ̀gbẹ́, kí ó fi ọwọ́ àti orúnkún gbé ara sókè, kí ó rá dé ẹ̀bá bẹ́ẹ̀dì, kí ó gbé ẹsẹ̀ tí ó lágbára jù síwájú, kí ó tẹ bẹ́ẹ̀dì mọ́lẹ̀, kí ó dìde. Bí ó bá lọ ṣubú lọ́jọ́ kan tí ó jẹ́ òun nìkan ló wà nílé, ohun tí yóò gbà á nìyẹn.

Nínú gbogbo eré ìdárayá, ijó ni mo fi ṣe olórí, kì í sì í ṣe nítorí pé ó jẹ́ tiwa. Ní 2003, Joe Verghese àti ẹgbẹ́ rẹ̀ kọ nípa 469 ènìyàn tí wọ́n lé ní 75 ọdún ní Bronx, ní New York, tí wọ́n ti ń tẹ̀ lé fún ọ̀pọ̀ ọdún. Nínú gbogbo ohun tí wọ́n ń fi ara ṣe, ijó nìkan ni ó bá dídínkù àrùn ìgbàgbé rìn pọ̀. A lè bi ara wa bóyá ẹni tí ọpọlọ rẹ̀ ṣì pé ló ń jáde lọ jó. Ó ṣeé ṣe. Síbẹ̀ ẹ wo ohun tí ijó ń ṣe: ẹsẹ̀ ń pààrọ̀ ìwúwo ara, orúnkún ń tẹ̀, ara ń yí, etí ń gbọ́ ohun tí dùndún wí, ẹsẹ̀ sì gbọ́dọ̀ dáhùn kí onílù tó yí i padà. Gbogbo ohun tí àwọn ará Otago ń kọ́ni lẹ́bàá síǹkì wà nínú rẹ̀. Kò sì sí ẹni tí yóò fi ìyá ẹni 75 ọdún ṣe yẹ̀yẹ́ pé ó jó. Ṣe ni wọ́n á máa náwó fún un, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé òfin ti ń mú àwọn anáwó báyìí. King Sunny Adé, tí wọ́n bí ní 1946, ti lé ní 70 ọdún tí ó ṣì ń mi ìdí lórí ìtàgé.

Àléébù kan ló wà níbẹ̀: òde àríyá wa. Wákàtí mẹ́rin lórí àga, àmàlà, ẹran, mọ́ọ̀tì méjì, ijó ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Inú ilé ni kí a gbé ijó wá. Ojú kan àwo jùjú ayé àtijọ́ lè gùn tó ìṣẹ́jú 15 sí 20 láì dáwọ́ dúró. Ojú àwo kan lóòjọ́, láti Sátidé dé Sátidé, ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pé ìwọ̀n tí WHO ní kí a ṣe. Aṣọ ńkọ́? Ìró tí a so le koko ń dí ìṣísẹ̀ lọ́wọ́, ọ̀pọ̀ ìyá kò sì ní í wọ ṣòkòtò láéláé, ìjọ mìíràn kò tilẹ̀ gbà á. Bùbá pẹ̀lú síkẹ́ẹ̀tì tí ó fẹ̀ tí kò sì kan ilẹ̀ ti yanjú ẹ̀.

Àwọn kan máa ń sọ pé ara àwọn àgbà tiwa tilẹ̀ dá ju ti òyìnbó lọ. Ìwádìí Ìbàdàn àti Indianapolis ni wọ́n sábà máa ń dì mú. Láti 1992 ni àwọn olùwádìí Yunifásítì Ìbàdàn àti ti Indiana ti ń tẹ̀ lé àwọn Yorùbá àgbà ní àdúgbò Ìdíkàn, ní Ìbàdàn, àti àwọn aláwọ̀ dúdú ní Indianapolis. Ní 2001, wọ́n kọ ọ́ nínú JAMA pé àrùn ìgbàgbé Alzheimer ń mú ìdá 1.15 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún ní Ìbàdàn, nígbà tí ó jẹ́ 2.52 ní Indianapolis. Ó wúni lórí. Ṣùgbọ́n oúnjẹ, ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀, àrùn ọkàn àti àjogúnbá ni wọ́n ń tọ́ka sí. Kò sí ẹni tí ó fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé ẹsẹ̀ rírìn ni. Ìdíkàn ìgbà yẹn sì kọ́ ni Ìdíkàn òní tí ọ̀kadà ń gbé èèyàn dé ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀.

Ohun tí a kò ní ni ètò. Ilé ìtọ́jú àgbà tí wọ́n ṣí ní UCH, Ìbàdàn, ní 2012, jẹ́ àmúyangàn, ṣùgbọ́n ẹni tí ó ti ń ṣàìsàn ló ń lọ sí ilé ìwòsàn. Ní Japan, láti 1928 ni rédíò ti ń gbé eré ìdárayá sáfẹ́fẹ́. Wọ́n dá a dúró lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, ó padà ní 1951, títí dòní ni dùrù ṣì ń dún ní aago mẹ́fà ààbọ̀ òwúrọ̀ tí àwọn àgbà sì ń jáde sí pápá láti na ara. Àwọn bàbá wa kì í jìnnà sí rédíò. Ó yà mí lẹ́nu pé nínú gbogbo rédíò tí ń sọ Yorùbá láti Èkó dé Ìlọrin, tí ìpolówó àgbo làkúrègbé kún inú wọn láti àárọ̀, mi ò tíì gbọ́ èyí tí ó fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá sílẹ̀ fún atọ́kùn kan àti onígángan kan láti gbé àwọn olùgbọ́ dìde lórí àga.

Lórí làkúrègbé náà: orúnkún tí ń dun èèyàn kì í ṣe ìdí láti jókòó. Iṣan itan tí ó lágbára ló ń gba ẹrù kúrò lórí orúnkún, eré ìdárayá sì wà lára ìtọ́jú àkọ́kọ́ tí àwọn dókítà ń yàn fún un kí wọ́n tó dé orí oògùn. Oògùn apàrora tí a ń gbé mì lójoojúmọ́ lè ba kíndìnrín àti ikùn jẹ́. Ìrora díẹ̀ tí ó lọ kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́ kò burú. Orúnkún tí ó wú ń ní kí a dín in kù. Ẹni tí ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí àìsàn ọkàn, kí ó kọ́kọ́ rí dókítà rẹ̀. Ẹni tí ń gún abẹ́rẹ́ ìtọ̀ ṣúgà, kí ó má ṣe lọ pẹ̀lú inú òfìfo, kí ó sì ní ohun dídùn lápò. Bí àyà bá ń dunni, tí èémí kò délẹ̀, tàbí tí òòyì bá kọ́ni, kí a dúró lójú ẹsẹ̀, kí a sì wá ìtọ́jú.

Ọ̀rọ̀ àwọn ìyá tí a ń gbé lọ sí London tàbí Houston láti lọ tọ́ ọmọ-ọmọ kò gbọdọ̀ bọ́ sílẹ̀. Bí ọmọ bá ṣì wà lẹ́yìn wọn, ó dára, ọmọ pípọ̀n jẹ́ eré ìdárayá tó gbóúnjẹ fẹ́gbẹ́. Nígbà tí ọmọ bá ti wọ ilé ìwé ni ó burú: òtútù níta, wọn kò mọ ọ̀nà, wọn kò ní ọ̀rẹ́, tẹlifíṣọ̀n láti àárọ̀. Tí wọ́n bá fi máa padà sílé, ẹsẹ̀ tí wọ́n gbé lọ kọ́ ni wọ́n ń gbé bọ̀. Ìjọ Yorùbá kún àwọn ìlú wọ̀nyẹn, gbọ̀ngàn wọn sì ń ṣófo láàrin ọ̀sẹ̀.

Ẹni tí ó bá sì ń wá ohun tí yóò fi ta ìyá tàbí bàbá rẹ̀ lọ́rẹ, kí ó fi owó àga onítìmùtìmù ra bàtà. Sílípáàsì rọ́bà tí wọ́n ń wọ́ kiri ilé kì í di gìgísẹ̀ mú, ilẹ̀ táìsì tí a fi ń ṣe fààrí sì máa ń yọ̀ bí omi bá ti kàn án. Bàtà pẹlẹbẹ tí ó ní okùn lẹ́yìn, tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ń dilẹ̀ mú. Kí wọ́n wọ̀ ọ́ wò ní ṣọ́ọ̀bù ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tí ẹsẹ̀ ti wú díẹ̀, nítorí èyí tí ó bá wọn mu ní àárọ̀ lè fún wọn lẹ́sẹ̀ kí ó tó di alẹ́.